Ohùn Tó Wà Nínú Géèmù Ìyá Alágbàfọ̀

Inú aṣọ ìnura ni ìyá alágbàfọ̀ wé géèmù náà sí nígbà tó gbé e wá sí ṣọ́ọ̀bù bàbá mi. Ó gbé e lé orí tábìlì wa, ó wá ń tú aṣọ náà díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ tuntun lójú oorun. Èmi ni mo jókòó nídìí ìwé tí a fi ń gba iṣẹ́ wọlé, nítorí ibẹ̀ ni ìjókòó mi tí mo bá ti dé láti ilé ìwé. Mo ti mú bírò dání. Pẹ̀lú bó ṣe ń rọra ṣe é, mo rò pé wúrà ló fẹ́ kó jáde. Géèmù alágbèéká lásán ni, irú èyí tí àwọn ọmọ máa ń fi ọwọ́ méjèèjì dì mú. Ara rẹ̀ ti họ, wọ́n sì lẹ àwòrán ológbò kékeré méjì mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀.

"Ẹ káàsán, Ẹnjiníà," ó wí. "Ó já bọ́ láti orí tábìlì tí mo ti ń lọ aṣọ. Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ o. Ohùn rẹ̀ ni kò já geere mọ́. Ó ti ń há tẹ́lẹ̀, àmọ́ ti àná yìí ló wá burú."

Gbogbo àdúgbò ló ń pe bàbá mi ní Ẹnjiníà, bẹ́ẹ̀ bàbá mi kò dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ẹnjiníà kankan rí. Rédíò, fóònù, tẹlifíṣọ̀n, géèmù, kò sí èyí tí kì í tú palẹ̀ kó sì tò ó padà. Ó tan èyí náà, ó gbé e sétí, ó tẹ bọ́tìnnì méjì.

"Sípíkà rẹ̀ ló ya," ó wí. "Ẹ fún mi ní ọjọ́ mẹ́ta."

"Ti sípíkà kọ́ ló ń já mi láyà." Ìyá alágbàfọ̀ ń fi ọwọ́ kan pa ìkejì. Ọṣẹ ti bó gbogbo ìka rẹ̀. "Ohùn ọmọ mi ló wà nínú rẹ̀."

Bàbá mi rọra gbé géèmù náà sílẹ̀. Kò sẹ́ni tí kò mọ̀ ládùúgbò wa pé ọmọ kan ṣoṣo tí obìnrin náà bí ti kú kí a tó gba ìsinmi tó kọjá. Ọmọbìnrin ọdún mọ́kànlá ni. Àìsàn tó ṣe é kò pé ọ̀sẹ̀ kan. Ilé ìwé kan náà la jọ ń lọ, àmọ́ kíláàsì rẹ̀ jìnnà sí tèmi. Mo kàn mọ̀ ọ́n lójú lásán ni.

"Géèmù ẹ̀rù kan ló máa ń gbá níbẹ̀," ni ìyá náà wí. "Ojoojúmọ́ ni mo ń bá a jà lé e lórí, pé kí ló dé tí èèyàn á jókòó jẹ́ẹ́ tí á máa wá ohun tó máa dẹ́rù ba òun fúnra rẹ̀. Á ní eré ni, Màámi. Wọ́n ní èèyàn máa kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ sínú rẹ̀, ohun tó wà nínú géèmù á wá máa fi ohùn yẹn pe èèyàn. Ohun tí ọmọ mi sọ sí i ni, 'Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni.' Ó wá rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i. Fóònù tí mo fi ya fídíò rẹ̀ bọ́ sọ́wọ́ olè lọ́dún tó kọjá. Mo ní fọ́tò rẹ̀ rẹpẹtẹ. Ohùn rẹ̀ ni mi ò ní níbòmíràn."

"Ẹ fọkàn balẹ̀," ni bàbá mi wí. "A ò ní fọwọ́ kan ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí n pààrọ̀ sípíkà yìí ná. Ọjọ́ tí ẹ bá wá gbà á, màá bá yín gba ohùn náà sórí fóònù yín, èyí tó mọ́ kedere, kó lè wà níbi méjì."

Ó yíjú sí mi. "Akọ̀wé, kọ ọ́ sílẹ̀."

Akọ̀wé ló máa ń pè mí, nítorí ìwé yẹn. Mo já téèpù funfun, mo kọ ọ́ sí i gàdàgbà-gàdàgbà pé ẹnikẹ́ni kò gbọ́dọ̀ ṣí géèmù tó wà nínú rẹ̀, mo sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ ọn lára. Ọwọ́ ara mi ni mo fi kọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ rántí ìyẹn, kí ẹ má baà máa ṣàánú mi jù.

Bí iṣẹ́ bàbá mi ṣe rí nìyí. Tó bá tún nǹkan ṣe tán, kì í gba ara rẹ̀ gbọ́. Ó gbọ́dọ̀ rí i pé ẹnì kan lo nǹkan náà bí ẹni tó ni ín ṣe máa lò ó, títí bátìrì á fi kú lẹ́ẹ̀kan, ó kéré tán, kó tó gbà pé iṣẹ́ ti parí. Tó bá jẹ́ rédíò, òun fúnra rẹ̀ á máa gbọ́ ọ. Tó bá jẹ́ géèmù, èmi ni. Ó ní géèmù mẹ́ta tirẹ̀ tí a máa ń kì bọ inú ti oníbàárà: ti mọ́tò, ti bọ́ọ̀lù, àti ọ̀kan tí èèyàn ti ń to bíríkì. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dàgbà jù mí lọ. Àwọn ọ̀rẹ́ mi rò pé inú ọlá ni mo wà. Wọn ò mọ̀ pé bíríkì ni mo ń tò láti ọjọ́ tí mo ti mọ ojú àti imú.

Géèmù tó wà nínú ti ìyá alágbàfọ̀ sì nìyí, òun ni gbogbo ilé ìwé wa ń sọ lọ́dún náà. Ilé Tí Ń Pè là ń pè é. Wọ́n á ti ọ́ mọ́ yàrá kan nínú ilé ńlá tó ṣókùnkùn. Nǹkan kan ń rìn kiri níta, o ò ní rí i, ẹsẹ̀ rẹ̀ nìkan lò ń gbọ́. Á wá dúró sẹ́nu ọ̀nà, á sì fi ohùn tìẹ gan-an bẹ̀ ọ́ pé kí o ṣílẹ̀kùn. Nígbà míì, ẹni rẹ ló wà níta lóòótọ́, tí o ò bá sì tètè ṣí i fún un, o ti pa á. Nígbà míì, ẹni rẹ kọ́. Ilẹ̀kùn méje ló wà níbẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi kan tí à ń pè ní Pẹ́ńpẹ́ ti bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gbá a dé ilẹ̀kùn kẹta. Ó kúrú, àmọ́ ẹnu rẹ̀ gùn, ó sì ń ròyìn ilẹ̀kùn mẹ́ta náà bí ẹni tó ti ogun dé.

"Ìwọ tí bàbá ẹ ń tún géèmù ṣe, o ò tíì gbá a rí?" ló máa ń wí fún mi. "O wà nínú ilé búrẹ́dì, ebi ń pa ẹ́."

Ọjọ́ kejì tí géèmù náà dé ọ̀dọ̀ wa, bàbá mi pààrọ̀ sípíkà rẹ̀, ó sì gbé e lé mi lọ́wọ́. "Bọ́tìnnì àti ohùn nìkan ni kó o yẹ̀ wò," ó wí. "Géèmù tiwa ni kó o fi sí i. Má ṣí ti inú rẹ̀ o." Mo ní, "Ẹ má ṣèyọnu, sà." Ó gbé àpò irinṣẹ́ rẹ̀, ó lọ bá ẹnì kan wo tẹlifíṣọ̀n nílé.

Kò tíì yà sí kọ̀rọ̀ tí mo ti ṣí i. Mi ò ní purọ́ fún yín pé ẹnì kan tì mí. Mo kàn fẹ́ rí i ni. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ní kí èèyàn máa bá eré lọ láti ibi tó dúró sí, yàrá dúdú náà yọ, mo ń gbọ́ ẹsẹ̀ tó ń bọ̀ gbì, gbì, ó dúró, ohùn ọmọ kékeré kan sì wí létí mi pé, "Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀ sí i, bí ọmọ tí nǹkan ń dùn mọ́ tó sì ń gbìyànjú láti pa á mọ́ra.

Orí mi wú. Ọ̀sán gangan ni, mọ́tò ń kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù, síbẹ̀ gbogbo ara mi bù máṣọ. Mo mọ̀ pé ọmọ náà ti kú. Àwọn yòókù tó ń gbá géèmù náà nílé ìwé, ohùn ara wọn ni wọ́n ń gbọ́. Èmi nìkan ni mo ní èyí. Ẹ̀rù bà mí débi pé omi bọ́ lójú mi, mo sì gbádùn rẹ̀. Mo ti ronú lórí ọ̀rọ̀ yìí fún ọ̀pọ̀ ọdún, mi ò sì rí ọ̀rọ̀ mìíràn tí mo lè fi rọ́pò rẹ̀: mo gbádùn rẹ̀. Mo jẹ́ kí ọmọ náà pè mí bí ìgbà ogún kí bàbá mi tó dé.

Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, ẹnu mi kò gbà á mọ́ra. Mo sọ fún Pẹ́ńpẹ́ pé Ilé Tí Ń Pè wà lọ́dọ̀ wa. Ó ní irọ́ ni. Mo ní òótọ́ ni. Ó ní tó bá jẹ́ òótọ́, kí n gbé e wá. Nígbà tí a jáde fún ìsinmi ráńpẹ́, mo sá dé ṣọ́ọ̀bù, kò jìnnà sí ilé ìwé wa. Bàbá mi ń bá oníbàárà kan sọ̀rọ̀. Mo fa dúrọ́ọ̀ tí à ń kó àwọn iṣẹ́ tó fẹ́ parí sí, mo ju géèmù náà sínú báàgì, mo sì sá padà.

Ẹ̀yìn ilé ìkàwé la wà, àwa márùn-ún, a forí korí lé e lórí. Nígbà tí ohùn ọmọ náà jáde, Pẹ́ńpẹ́ yọ ṣùtì ètè.

"Ta ni ọmọ ọwọ́ yìí?"

Mi ò sọ ẹni tó jẹ́ fún wọn. Mo ní ọmọ oníbàárà kan ni.

"Ẹ wo ohun tó ń dẹ́rù bà á," ni Pẹ́ńpẹ́ wí fún àwọn yòókù. "Ohùn tìẹ la fẹ́ gbọ́ níbẹ̀. Àbí o ò lè gbọ́ ohùn ara rẹ lẹ́yìn ilẹ̀kùn? Ṣé o máa tọ̀ sára ni?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín, àmọ́ ó dùn mí. Mo tẹ ibi tí wọ́n ti ń bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Nínú àwọn géèmù ògbólógbòó ti bàbá mi, àyè mẹ́ta ló máa ń wà fún ẹni mẹ́ta, tí eré oníkálùkù á dúró láyè ara rẹ̀. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ náà ni èyí ṣe rí. Ó bi mí ní ìbéèrè kan, mi ò kà á délẹ̀. Ta ló ń ka irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀? Bẹ́ẹ̀ ni la máa ń tẹ̀ sí gbogbo wọn. Iná pupa kékeré tàn, mo gbé ẹnu sún mọ́ ihò tó ń gba ohùn, mo ní, "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá yín." Àwọn ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi ń dìmọ́ ara wọn. Mo dé ilẹ̀kùn kejì kí aago tó lù.

Wọ́n ti lọ tán kí n tó wá ọmọ náà kiri. Mo pa géèmù náà, mo tún un tàn. "Ẹ ṣílẹ̀kùn fún ọ̀gá yín." Mo wo gbogbo ibi tó ṣeé wò nínú rẹ̀. Àyè ẹyọ kan ló ní, èmi ni mo sì wà níbẹ̀. Ìdánwò ìṣirò la ṣe lọ́sàn-án ọjọ́ náà, mi ò lè sọ ohun tí mo kọ fún yín.

Bàbá mi kì í lù mí. Bó bá jẹ́ ẹni tó ń luni ni, bóyá ǹ bá jẹ́wọ́ kí ó nà mí kó sì tán. Ohun tí mò ń bẹ̀rù ni ojú tó máa fi wò mí. Gbogbo oníbàárà ló ń sọ fún pé ọmọ òun yìí ni ọwọ́ ọ̀tún òun. Mo ń rò ó bí mo ṣe ń rìn lọ sílé, kí n tó dé ẹnu ọ̀nà, mo ti rí ohun tí màá ṣe, ó sì dà bí ọgbọ́n lójú mi.

Kò sẹ́nì kankan nílé. Nọ́ọ̀sì ni màmá mi, ó wà níbi iṣẹ́. Mo wọ balùwẹ̀, mo ti ilẹ̀kùn, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ohùn ọmọ náà. Mo ti gbọ́ ọ tó láti mọ ibi tó ti ń lọ sókè àti ibi tó ti ń rọra wálẹ̀. Mo fún ọ̀fun mi. Mo ní, "Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Kò jọ ọ́. Mo pa á rẹ́, mo tún un sọ. Ọ̀rọ̀ náà kò le tó ẹ̀rín. Ẹ̀rín yẹn ṣòro láti fara wé, nítorí pé ẹni tí ọkàn rẹ̀ balẹ̀ ló rín in. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kejìlá, mo gbọ́ ọ, mo ní, "Ó ti bọ́ sí i." Inú mi tiẹ̀ dùn. Mo yangàn sí ara mi nínú díńgí balùwẹ̀, kí ẹ lè mọ irú ẹni tí mo jẹ́ nígbà náà. Kí ilẹ̀ tó ṣú, mo ti dá géèmù náà padà sínú dúrọ́ọ̀.

Ìyá alágbàfọ̀ dé lọ́jọ́ tó tẹ̀ lé e, nígbà tí ọjọ́ mẹ́ta bàbá mi pé. Ó ti wọ aṣọ tó dáa wá, bí ẹni tó fẹ́ lọ kí èèyàn. Bàbá mi tan géèmù náà, ó sì ṣí i fún un fúnra rẹ̀, ojú rẹ̀ kún fún ayọ̀ iṣẹ́ tó yọrí.

"Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni."

Ẹ̀rín tí obìnrin náà ti ń mú bọ̀ dúró sẹ́nu rẹ̀, kò lọ, kò bọ̀. "Ẹ tún un pè," ó wí. Bàbá mi tún un pè. "Ẹ tún un pè." Ó gbé orí sún mọ́ ọn, ó dijú. Lẹ́yìn náà ó la ojú, ó wo bàbá mi.

"Kì í ṣe òun nìyí."

"Òun ni, ìyá alágbàfọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn náà kọ́?"

"Ọ̀rọ̀ yẹn ni. Kì í ṣe òun ló ń sọ ọ́."

Bàbá mi yíjú sí mi. Kò fura, ó kàn fẹ́ kí obìnrin náà gbọ́ ọ lẹ́nu mi ni. "Akọ̀wé, ǹjẹ́ ẹnì kankan ṣí géèmù yìí?"

"Rárá, sà."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Rárá, sà. Ti bíríkì ni mo fi yẹ̀ ẹ́ wò."

"Ọmọ yìí kì í parọ́ fún mi," ni bàbá mi wí. Ó fa àga fún obìnrin náà, ó fi pẹ̀lẹ́tù bá a sọ̀rọ̀, bó ṣe máa ń bá àwọn tí kò mọ̀ nípa ẹ̀rọ sọ̀rọ̀. "Ẹ gbọ́, ìyá. Sípíkà tí mo yọ kúrò níbẹ̀ ti ya tipẹ́, ẹ̀yin fúnra yín sọ pé ó ti ń há tẹ́lẹ̀. Ohùn tó ya yẹn ló ti mọ́ yín létí. Èyí tó mọ́ ló wá dà bí àjèjì. Ojoojúmọ́ ni mò ń rí irú rẹ̀. Ẹni tó bá sì wà nínú ìbànújẹ́, ẹ má bínú o, etí lè máa tàn án jẹ."

Obìnrin náà tún gbé géèmù náà sétí. Mo ń wo ìwé tó wà níwájú mi. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni mo nílò láti sọ, ó wà lẹ́nu mi, mo gbé e mì.

"Bóyá," ó wí níkẹyìn. "Ẹ̀yin lẹ mọ iṣẹ́ yín. Àmọ́ irú ìyá wo ni kò ní mọ ohùn ọmọ rẹ̀?" Kì í ṣe àwa ló ń bi.

Bàbá mi gba ohùn náà sórí fóònù tí obìnrin náà mú wá, bó ṣe ṣèlérí. Obìnrin náà wé géèmù náà padà sínú aṣọ ìnura. Nígbà tó ń lọ, ó fọwọ́ kàn mí léjìká, ó ní, "O ṣeun, ọmọ mi, tí o bá mi tọ́jú rẹ̀."

Ṣé kí n sọ pé oúnjẹ kò wọlé fún mi lẹ́yìn ìyẹn? Ó wọlé. Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, ara tù mí, mo ní ọ̀rọ̀ náà ti kọjá. Ọ̀sẹ̀ kejì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn lọ sílé ìwé kí n má baà kọjá níwájú ilé ìfọṣọ rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, màmá mi ní kí n lọ gba aṣọ funfun tó fi ń ṣiṣẹ́ lọ́dọ̀ ìyá alágbàfọ̀. Mo ní orí ń fọ́ mi. Ó ní kí orí náà máa fọ́ mi lọ.

Kí n tó wọlé ni mo ti gbọ́ ọ. Ooru áyọ́ọ̀nù ti kún inú yàrá náà, aṣọ kọ́ yí ara ògiri ká, fóònù obìnrin náà sì so mọ́ ìṣó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tábìlì tó ti ń lọ aṣọ. "Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ó dákẹ́ díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. "Màámi, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ohùn mi ni, ohùn tèmi tí mo fún lọ́fun nínú balùwẹ̀. Bí ìyá alágbàfọ̀ ṣe ń ti áyọ́ọ̀nù síwájú tó ń fà á sẹ́yìn, ó ń dá a lóhùn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ pé, "Mò ń bọ̀, ìyá mi. Dúró dè mí."

Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín. "Wá, wọlé. Aṣọ màmá rẹ ti wà nílẹ̀." Ó tọ́ka sí fóònù. "Bá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ bàbá rẹ. Lọ́jọ́ yẹn, mo délé, mo rò pé mo fẹ́ ya wèrè ni. Mo wá ń gbọ́ ọ bó ṣe ní kí n ṣe. Tí mo bá jí, mo ń gbọ́ ọ. Tí mo bá ń ṣiṣẹ́, mo ń gbọ́ ọ. Ó ti wá mọ́ mi létí báyìí. Mo ti rí i pé òun náà ni."

Mo gba aṣọ, mi ò ka iye rẹ̀, mi ò dúpẹ́. Mi ò gba ilé lọ. Ṣọ́ọ̀bù ni mo gbà lọ tààrà, aṣọ funfun màmá mi wà lápá mi, mo sì dúró níwájú bàbá mi, mo sọ gbogbo rẹ̀: dúrọ́ọ̀, ẹ̀yìn ilé ìkàwé, balùwẹ̀. Irin gbígbóná tó fi ń jó wáyà pọ̀ wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó gbé e sílẹ̀, ó yọ ọ́ lára iná. Kò gbé ohùn sókè.

"Ọjọ́ tí mo bi ọ́ lójú rẹ̀ ńkọ́?"

"Mo parọ́, sà."

Ó jókòó. Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Èmi ni mo sọ fún un pé etí rẹ̀ ló ń tàn án jẹ," ó wí. "Èmi gan-an. Ó wí pé òun mọ ọmọ òun, mo ní kò mọ̀ ọ́n." Lẹ́yìn náà ó dìde, ó fa ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù dé lọ́sàn-án gangan, ohun tí mi ò rí i kó ṣe rí, ó sì ní kí n máa bọ̀.

Òun kọ́ ló sọ ọ́ fún obìnrin náà. Ó dúró lẹ́yìn mi, ó ní kí n fi ẹnu mi sọ ọ́. Mo sọ ọ́ bí mo ṣe ń sunkún, ohùn tí mo fi díbọ́n náà sì ń jáde láti inú fóònù tó wà lórí ìṣó títí ìyá alágbàfọ̀ fi na ọwọ́ pa fóònù náà. Ó yọ áyọ́ọ̀nù lára iná. Ó ká ṣẹ́ẹ̀tì tó ń lọ̀ tẹ́lẹ̀, ó ká a dáadáa, ó gbé e sórí àwọn yòókù.

"Nígbà náà, mo mọ̀ ọ́n," ó wí. Ojú rẹ̀ mọ́lẹ̀ fún ìṣẹ́jú kan. "Ẹnjiníà, ẹ ò rí i. Mo mọ̀ ọ́n lọ́jọ́ yẹn."

"Ẹ mọ̀ ọ́n, ìyá," ni bàbá mi wí. "Èmi ni mi ò mọ nǹkan kan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú."

Ó dijú. Ó dúró bẹ́ẹ̀ láàárín àwọn aṣọ tó so kọ́, ètè rẹ̀ ń mì díẹ̀díẹ̀, mo sì mọ ohun tó ń ṣe: ó ń wá ohùn ọmọ rẹ̀. Ó pẹ́. Nígbà tó la ojú, ìmọ́lẹ̀ yẹn ti kúrò níbẹ̀.

"Kò wá," ó wí. "Tìẹ ló ń wá."

Ó fi ọwọ́ tẹ́ ṣẹ́ẹ̀tì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ká.

"Lọ́jọ́ tí mo wá gbé géèmù yẹn, ohùn rẹ̀ ṣì wà lórí mi. Òun ni mo fi mọ̀ pé ìyẹn kì í ṣe òun. Bí o bá sọ ọ́ fún mi níjọ́ náà, ǹ bá sunkún, ǹ bá bú ọ, ǹ bá sì di tèmi mú lọ sílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi jókòó níbí tí mò ń fipá kọ́ ara mi ní ohùn rẹ. Ìgbàkígbà tó bá fẹ́ dà bíi pé kì í ṣe òun, mo ń bú ara mi." Ó yọ fóònù kúrò lórí ìṣó, ó nà án sí bàbá mi. "Ẹ bá mi pa á rẹ́ kúrò níbẹ̀. Lẹ́yìn náà kí ẹ máa lọ."

Bàbá mi pa á rẹ́. A jáde.

Mo ti dàgbà báyìí, mo ti ṣe ìdánwò mi, mo ti yege. Mo ti padà lọ bẹ ìyá alágbàfọ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Ó ní òun ti gbọ́. Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin tí ẹ wà nílé ìwé mú lọ nínú ìtàn yìí kò pọ̀. Mo ṣe ohun tí wọ́n ní kí n má ṣe, ìyẹn burú, ó sì pa ohùn ọmọ kan rẹ́ nínú ẹ̀rọ. Àmọ́ ohùn náà ṣì wà níbòmíràn lọ́jọ́ náà, ó wà nínú ìyá rẹ̀. Irọ́ tí mo pa kí bàbá mi má baà fi ojú burúkú wò mí ló pa á rẹ́ níbẹ̀. Bí o bá ba nǹkan ẹlòmíràn jẹ́, jẹ́wọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ náà gan-an, nígbà tí díẹ̀ ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀ nínú ohun tó ní. Èmi jẹ́wọ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, kò sì sí ohun tí ìjẹ́wọ́ mi rí gbà là.